Ọjọ́ Tó Wà Nínú Bàálù

Bí Tererui bá jí láàárọ̀ tí kò tíì bi ẹnì kankan ní ìbéèrè, oúnjẹ kì í lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀. Òun ni olórí àwọn tó ń bu epo sí bàálù ní Akaiami, erékùṣù kékeré inú ọ̀sà Aitutaki, níbi tí bàálù tó ń bà lórí omi bí pẹ́pẹ́yẹ ti máa ń dúró gba epo bó bá gba Suva àti Apia bọ̀, tó ń lọ sí Papeete. Díákónì ni pẹ̀lú, iwájú ni ìjókòó rẹ̀ wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Àmọ́ kò sẹ́ni tó ń pè é ní Díákónì. Baba Ìbéèrè ni tọmọdé tàgbà ń pè é, òun náà sì ń jẹ́ ẹ. Abèèrè kì í ṣìnà, ló máa ń wí. Ìyàwó rẹ̀ tó ti dolóògbé a máa fún un lésì pé lóòótọ́ ni abèèrè kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n kì í tètè délé.

Ìbéèrè kan wà tí kò tíì rí ìdáhùn tó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Àwọn awakọ̀ sọ pé ìlà kan wà lójú òkun láàrin Suva àti Apia, ojú kò rí i, ṣùgbọ́n bí bàálù bá ti ré e kọjá báyìí, inú àná ló bọ́ sí. Gbogbo ọ̀gá awakọ̀ tó bá sọ̀kalẹ̀ ni Tererui ń bi pé, "Ọ̀gá, ọjọ́ tí ẹ fi sílẹ̀ sẹ́yìn yẹn, ta ló kó o?" Wọn a mú òrombó kan, wọn a fi ìka yí i po, wọn a ṣàlàyé títí ẹnu á fi gbẹ. Tererui a dúpẹ́, a bó òrombó náà jẹ, ìbéèrè rẹ̀ a sì wà níbi tó wà.

Lọ́dún tí à ń sọ yìí, ọ̀rọ̀ bàálù wá wọ ilé rẹ̀. Mareta, ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo tó lọ́kọ sí Suva, ránṣẹ́ lórí rédíò pé ọkọ òun ti rí iṣẹ́ káfíńtà ní Papeete, ní ìlú àwọn òbí rẹ̀. Ó ti lọ ṣáájú, òun àti Tino ọmọ òun sì máa gba Akaiami kọjá lọ bá a níbẹ̀. Wákàtí méjì péré ni bàálù ń lò ní Akaiami. Tererui kò sì rí Tino sójú rí.

Irun ọmọ náà ló ń jẹ bàbá yìí lọ́kàn. Lọ́dọ̀ wa, abẹ kì í kan irun àkọ́bí ọkùnrin láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Ẹ má pè é ní dàda o. Ìyá rẹ̀ ló ń yà á, tó ń dì í, títí di ọjọ́ tí ẹbí máa pé jọ, tí kálukú á gé ìdì kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n á kó ẹ̀bùn jọ síwájú rẹ̀. Nínú ẹbí Tererui, bàbá ìyá ló ń gé ìdì àkọ́kọ́. Tino sì máa wọ ilé ìwé ní Papeete, níbi tí wọn kì í gba ọmọkùnrin onírun gígùn. Bí wọn kò bá gé e ní Akaiami, ẹbí ọkọ ni yóò gé e, yóò sì di tiwọn tán pátápátá, ẹnikẹ́ni kò ní rántí pé ó ní ẹbí kan lórí ọ̀sà. Èyí kò jẹ́ kí Tererui fojú ba oorun.

Ọjọ́bọ̀ ló yẹ kí bàálù dé. Wọ́n ti yan ẹlẹ́dẹ̀, wọ́n ti hun ẹní. Ni ìjì bá dá bàálù dúró ní Suva. Ó di ọ̀sán Sátidé, tí gbogbo ilé ń gbẹ́ kòtò ààrò láti se oúnjẹ Ọjọ́ Ìsinmi sílẹ̀, kí Teina tó ń ṣọ́ rédíò tó sáré dé.

"Baba Ìbéèrè, wọ́n ti gbéra ní Suva!"

"Nígbà wo?"

"Láàárọ̀ Sọ́ńdè."

"Sọ́ńdè wo? Ṣé orí ẹ pé báyìí? Òní Sátidé!"

"Sọ́ńdè tiwọn ni, bàbá. Wọ́n á sun Apia lálẹ́ òní Sátidé, wọ́n á sì dé ọ̀dọ̀ wa lọ́sàn-án ọ̀la, Sọ́ńdè."

Tererui jókòó sórí igi àgbọn tó wó. "Wọ́n gbéra ní Sọ́ńdè, wọ́n sùn lọ́nà, wọ́n sì dé ní Sọ́ńdè. Ọlọ́run Ọba!" Inú rẹ̀ dùn sí àrà náà fún ìgbà díẹ̀, kó tó wá yé e pé Sọ́ńdè ni ọjọ́ irun náà bọ́ sí. Ní Aitutaki, ẹnì kan kì í dáná lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ẹnì kan kì í ju ìwọ̀ sómi. Àkùkọ pàápàá, bó bá fẹ́ kọ, á kọ́kọ́ wẹ̀yìn wò.

Àlùfáà Isaia pe àwọn àgbà jọ nírọ̀lẹ́. Kì í ṣe èèyàn líle, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í yẹ̀.

"Ẹ lè bu epo," ló wí. "Olúwa ní bí màlúù bá bọ́ sí kòtò lọ́jọ́ ìsinmi, kí á fà á jáde. Bàálù tí kò lépo, màlúù inú kòtò ni."

"Irun ọmọ ńkọ́, Àlùfáà?"

"Irun kò bọ́ sí kòtò, Tererui."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Mama Kura, àbúrò bàbá Tererui, tó dàgbà ju gbogbo wọn lọ, ló dá ẹ̀rín náà dúró. "Mi ò ní ká ṣẹ̀ o. Àmọ́ nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ìjọba ní ọjọ́ tí à ń kà kò bá ti àwọn yòókù mu, wọ́n ní ká tún Kérésì ṣe. Ẹ̀ẹ̀mejì la jẹ ẹlẹ́dẹ̀. Gbogbo Sọ́ńdè tí àwọn bàbá wa ti ń ṣe bọ̀, àṣé Sátidé ni! Ọlọ́run ò sì jù wọ́n lókùúta."

"Tó bá rí bẹ́ẹ̀, Àlùfáà," Tererui ní, "ta ló ni ọjọ́?"

"Ilẹ̀ ló ni ín. Ọjọ́ ilẹ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ bá tẹ̀ ni ọjọ́ rẹ. Ní Akaiami, Sọ́ńdè ni lọ́la. Bí o bá gé irun níbẹ̀, má jókòó sórí àga díákónì mọ́."

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìsìn, ọkọ̀ ojú omi kan ṣoṣo ló gbé wọn ré ọ̀sà kọjá lọ sí Akaiami: àwọn tó ń bu epo, ẹbí Tererui nínú aṣọ funfun àti akẹtẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, àti Àlùfáà fúnra rẹ̀, tó ní òun kàn fẹ́ gba atẹ́gùn. Kò sẹ́ni tó gbà á gbọ́.

Bàálù bà, omi fọ́n ká. Mareta sọ̀kalẹ̀, ó dì mọ́ bàbá rẹ̀, wọ́n jọ sunkún. Ọmọ náà dúró lẹ́yìn rẹ̀, irun rẹ̀ dé ìbàdí, ó ń wo Tererui látòkè délẹ̀.

"Papa àgbà, kí ló dé tí omi yín ní àwọ̀ méjì? Kí ló dé tí ẹ ò léyín níbẹ̀ yẹn?"

"Háà!" ni Mama Kura ké. "Ó ti bí ara rẹ̀."

Ìgbà yẹn gan-an ni ọkàn Tererui bàjẹ́. Ó ti ń rò ó pé òun lè gbà fún Ọlọ́run, kí òun sì jẹ́ kí irun náà lọ. Bí ọmọ yìí ṣe la ẹnu báyìí, kò lè gbà mọ́.

Ó gun inú bàálù lọ láti wo bóyá epo ti kún. Họ́lísì, òyìnbó tó ń wo ọ̀nà fún ọkọ̀, jókòó nídìí tábìlì rẹ̀. Aago kan wà lókè orí rẹ̀.

"Ọ̀gá, aago yín ti kú ni? Oòrùn ti yẹ̀ lórí, aago yín ní méjìlá ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá."

"Kò kú. Aago Lọ́ńdọ́ọ̀nù ni. Ibi yòówù ká wà láyé, òun nìkan là ń tẹ̀ lé, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ a ó sọnù. Òru ni lọ́hùn-ún, ọjọ́ tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé."

"Ọjọ́ wo?"

"Mọ́ńdè."

"Mọ́ńdè ta ni?"

Họ́lísì rẹ́rìn-ín. "Mọ́ńdè ọkọ̀ yìí. Mọ́ńdè lẹ dúró sí yẹn, bàbá."

Tererui wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Irin ló tẹ̀. Omi ló wà lábẹ́ irin náà. Ó sọ̀kalẹ̀, ó lọ bá Àlùfáà lábẹ́ igi àgbọn.

"Àlùfáà, ẹ ní ilẹ̀ tí ẹsẹ̀ bá tẹ̀ ló ni ọjọ́. Bí ẹsẹ̀ ò bá tẹ ilẹ̀ rárá ńkọ́?"

Àlùfáà wo bàálù, ó wo ọmọ náà. "Ìbéèrè lò ń bi mí ni, àbí ìdáhùn lo gbé wá?"

"Ìbéèrè ni. Ẹ ṣáà mọ̀ mí."

Àlùfáà ṣí Bíbélì rẹ̀, ó ń kà á.

Ẹ̀rù ba Tererui. Àga iwájú nínú ṣọ́ọ̀ṣì kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi tàfàlà, bàbá rẹ̀ ló jókòó síbẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Síbẹ̀, ó fa Tino lọ́wọ́, ó ní kí Mareta tẹ̀ lé òun, wọ́n padà wọ bàálù. Àlùmọ́gàjí ti wà lápò rẹ̀ láti ilé. Ìdí tó fi mú un dání nìkan ni kò bi ara rẹ̀. Ó gbé ọmọ náà jókòó, ó mú ìdì irun kan lápá ọ̀tún, ó dárúkọ bàbá rẹ̀ àti bàbá bàbá rẹ̀, ó gé e. Omijé ń dà lójú rẹ̀, kò sì nù ún.

Òjìji kan dí ẹnu ọ̀nà. Àlùfáà Isaia ni, ó gbé bàtà rẹ̀ lọ́wọ́, ẹsẹ̀ kan nínú ọkọ̀ ojú omi, ẹsẹ̀ kan lẹ́nu ọ̀nà bàálù. Mareta di ọmọ rẹ̀ mú. Àlùfáà fa ẹsẹ̀ kejì wọlé, ó wo aago.

"Òótọ́ ni pé Mọ́ńdè ni níbí?"

"Mọ́ńdè ni, sà," Họ́lísì dáhùn.

"Ọjọ́ iṣẹ́, ẹ wá jókòó, ẹ ń wo ara yín. Gbé àlùmọ́gàjí yẹn wá."

Ó gé ìdì kejì. Mama Kura ti ń fi ìgbọ̀nwọ́ ti àwọn èèyàn lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ yà fún mi o! Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́." Wọ́n ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, akẹtẹ̀ lọ́wọ́, olúkúlùkù ń gé tirẹ̀, wọ́n ń kó ẹní àti ìlẹ̀kẹ̀ ìkarahun lé ọmọ náà lẹ́sẹ̀, títí ọ̀gá awakọ̀ fi kígbe pé àkókò ti tó. Gbogbo apá ọ̀tún ti lọ. Apá òsì ṣì ń já dé ìbàdí.

"Papa, ẹ wò ó, bí adìyẹ tí wọ́n tu lábọ̀!" Mareta ń rẹ́rìn-ín, ó tún ń sunkún. "Ẹ bẹ ọ̀gá kó fún wa láyè díẹ̀ sí i."

Tererui ti lanu láti bẹ̀bẹ̀, ló bá tún pa á dé. Ó fi àlùmọ́gàjí sápò.

"Fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kí àwọn ẹbí ọkọ rẹ gé èyí tó kù." Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ọmọ náà. "Tino, gbogbo ẹni tó bá rí orí rẹ ní Papeete ló máa béèrè pé ta ló ṣe èyí. Kí lo máa sọ?"

Ọmọ náà fọwọ́ kan apá ọ̀tún, ó rò ó. "Màá ní ẹ̀yin ni. Màá ní ẹbí mi ni, ní Akaiami."

"Bí wọ́n bá tún béèrè ńkọ́?"

"Màá tún sọ."

Tererui fẹnu kò ó lórí, níbi tí irun kò sí mọ́, ó sì sọ̀kalẹ̀ padà sínú Sọ́ńdè.