Ilẹ̀kùn Tí Kò Gba Ọ̀dà

Àwọn aládùúgbò yẹn, ẹnu wọn kì í dilẹ̀! Àwọn náà ló kó sí Zakariyah lórí, ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí, pé mọ́tò aláwọ̀ ewé tó wà nínú ọgbà wọn ló ń pa ìyá ẹ̀ díẹ̀díẹ̀. "Bí Àlàájà bá ti ṣíjú rí i láàárọ̀," ni ọ̀rọ̀ wọn, "ikú Mukhtar á tún di tuntun. Ẹ gbé e tà." Tà kẹ̀? Màámi, bí Zakariyah ṣe ń pe ìyá ẹ̀, ti búra pé mọ́tò ọmọ àwọn kò ní jáde nílé yẹn. Bẹ́ẹ̀, wọ́n ti rù kan eegun, oúnjẹ ò wù wọ́n mọ́. Ẹ̀rù ń ba Zakariyah kó má lọ di pé ikú Mukhtar àbúrò ẹ̀ á fa ikú ìyá ẹ̀.

Iṣẹ́ ọ̀dà mọ́tò ni Zakariyah ń ṣe, ọ̀nà Ìjagun ni ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ wà. Ó rò ó títí, ó ní bóun ò bá lè gbé mọ́tò náà kúrò, òun á pa àwọ̀ ẹ̀ dà sí funfun. Bí màámi bá wo ìta, wọn ò ní rí ohun tí wọ́n mọ̀, ọkàn wọn á balẹ̀, wọ́n á sì jẹun. Ó parọ́ fún wọn pé ọkọ̀ náà ti ń dógùn-ún nídìí. Màámi ní, "Ṣe é bó o ṣe mọ̀." Ló bá gbé ẹ̀rọ tó fi ń fín ọ̀dà wálé, ó fi bébà bo gíláàsì, ó fi sánpépà ha gbogbo ara ọkọ̀ náà, ó sì fín in.

Ẹ wá wo nǹkan! Gbogbo ara mọ́tò gba ọ̀dà, àfi ilẹ̀kùn dírẹ́bà. Ọ̀dà ń sá níbẹ̀. Ihò róbótó kéékèèké yọ káàkiri, bí ìgbà tí omi kán sínú àwo tí epo wà. Zakariyah mọ̀ pé epo ló ń fa irú ẹ̀. Nírọ̀lẹ́, ó fi omi àti sánpépà ha á kúrò, ó fi tínà tí wọ́n fi ń fọ ọ̀rá kúrò nù ún mọ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó tún un fín. Ihò tún yọ! Ó tún ṣe é, pàbó ló já sí.

Ó gba ọ̀dọ̀ Abdulbasit tó ta ọ̀dà fún un lọ, ó ní ọjà tó bàjẹ́ ló kó fóun. Abdulbasit wò ó. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ọ̀dà mi ló mọ ilẹ̀kùn tó fẹ́ bàjẹ́ sí ni?" Zakariyah kọrí sílé. Ó délé, ó tú ẹ̀rọ ẹ̀ palẹ̀ bóyá òun ló ń tu epo. Kò rí nǹkan kan.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó kírun àsùbáà tán ní mọ́ṣáláṣí, kò dúró gbọ́ wáàsí, ó sáré bọ̀ wálé kó tètè fín in. Màámi ló bá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò. Wọ́n ti ṣí ìbòrí wọn, wọ́n gbé orí tí wọ́n fi àdí pa lé ilẹ̀kùn dírẹ́bà, wọ́n ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. "Mukhtar, ṣé o sùn dáadáa? O ò dá mi lóhùn."

Àánú wọn ṣe Zakariyah, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ló já bọ́ lẹ́nu ẹ̀. "Màámi, àdí orí yín ni ọ̀dà ń sá fún látọjọ́ yìí."

Màámi gbórí sókè. Wọn ò sunkún. "Nígbà tí mo fi ti ìlú Ìmùṣin dé lọ́jọ́ yẹn, ẹ ti gbé e wọ sàréè. Ẹ ní ẹ̀sìn wa ò fẹ́ ká dá òkú dúró. Mi ò bá yín jà. Ṣùgbọ́n mi ò rí ojú ọmọ mi. Nígbà tó wà láyé, kó tó sọ̀ kalẹ̀ ló máa ń yọrí lójú fèrèsé yìí, màá sì forí kan orí ẹ̀. Ibí nìkan ló kù tí mo ti lè kí i." Wọ́n wé ìbòrí wọn padà. "Mi ò mọ̀ pé mò ń ba iṣẹ́ jẹ́ fún ẹ. Má bìínú. Mi ò ní fara kàn án mọ́."

Ó yẹ kí Zakariyah jáwọ́ níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá lójú àánú ì bá jáwọ́! Ṣùgbọ́n ó ti gbà lọ́kàn ara ẹ̀ pé ọ̀dà yẹn ló máa wo ìyá òun sàn. Ó nu ilẹ̀kùn náà ní ànùtúnnù, ó fín in. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sí ihò kankan. Ó jọ̀lọ̀, ó ń kọ mànà. Nígbà tó gbẹ, ó ká bébà kúrò, ó lọ fa màámi lọ́wọ́ jáde.

Màámi yí mọ́tò náà ká. Wọ́n na ọwọ́ sí ilẹ̀kùn, wọ́n tún fà á padà.

"Iṣẹ́ ẹ dáa," ni wọ́n wí. "Ta ló ni ín?"

"Háà, màámi! Mọ́tò Mukhtar ni."

"Rárá o. Mi ò mọ èyí rí. Dá a padà fẹ́ni tó ni ín."

Wọ́n wọlé lọ. Ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín tí Azeemah ìyàwó Zakariyah gbé sílẹ̀ dè wọ́n, wọn ò tiẹ̀ yà sídìí ẹ̀. Zakariyah dúró ti mọ́tò funfun náà. Lọ́jọ́ tí wọ́n sin Mukhtar, òun ni àgbà, òun ló ń pàṣẹ kí wọ́n ṣe kíá, kò ráyè sunkún. Ìgbà yìí ló wá bú sẹ́kún.