Aṣọ Tí Ìyá Suara Fi Bo Sólà

Kò tíì pé oṣù kan tí Nusrat gbé sólà lé orí adágún ẹja rẹ̀ l'Óko Ọba. Ilẹ̀ ò sí ládùúgbò yẹn mọ́, omi nìkan ló ṣófo. Abdulqoyum tó ń ṣe iná ló so kẹ́ẹ̀gì òfìfo pọ̀, ó to sólà mẹ́rin lé e, wọ́n sì léfòó. Àwọn alápatà àdúgbò fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Nusrat ta jẹnẹrétọ̀ rẹ̀, ó ní òun ò fa èéfín mọ́. Bí sólà bá kọṣẹ́ báyìí, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi á dákẹ́, ẹja á sì kú tán.

Láàárọ̀ Jímọ̀, ó dé etí omi. Oòrùn ràn, ẹ̀rọ ò dún. Bátìrì ti kú. Ẹja ẹpìyà kún ojú omi bámúbámú, wọ́n ń la ẹnu wá atẹ́gùn. Àwọn mélòó kan ti ṣíkùn sókè. Aṣọ funfun bo sólà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọ́n tiẹ̀ so ó mọ́lẹ̀.

"Ta ló ṣe mí báyìí o!"

Ìyá ọkọ rẹ̀, Ìyá Suara, yọjú tòun ti búúta àlùwàlá.

"Èmi ni, ìyàwó mi. Àtọ̀sán àná ni mo ti bò ó. Nǹkan tuntun, kí oòrùn máa pa á báyẹn?"

Ìṣe ìyá yìí náà nìyẹn! Tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ ń wọṣọ, ọ̀rá ò tíì kúrò lára àga tó rà láti ọdún mẹ́fà. Ta ló sì sọ fún un pé oòrùn ni sólà ń jẹ? Nusrat ò sọ.

Ó sáré gba orí pákó tí wọ́n fi ṣe ọ̀nà dé ìdí sólà, ó tú aṣọ náà pẹ̀lú ìbínú. Kò pẹ́, ẹ̀rọ kùn, omi ń hó. Díẹ̀díẹ̀, àwọn ẹja bẹ̀rẹ̀ sí í wọlẹ̀ padà. Ó yíjú, ọ̀rọ̀ burúkú ti dé ètè rẹ̀, kó tó wo ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Aṣọ tí ìyá ọkọ rẹ̀ gbé bọ̀ láti Mẹ́kà ni, tó wà nínú àpótí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Òun Nusrat gan-an ni ìyá náà pè, tó ní, "Ọjọ́ tí mo bá kú, èyí ni kí ẹ fi dì mí."

"Màmá, aṣọ yín nìyí?"

"Òun nìkan ló mọ́ tó nílé. Àbí mo ti bà á jẹ́ ni?"

Omi ẹrọ̀fọ̀ ti rin aṣọ náà gbingbin, ìpẹ́ ẹja sì lẹ̀ mọ́ ọn. Nusrat kúnlẹ̀ lórí pákó, ó gbá a mọ́ àyà, ẹkún gbọ̀n ọ́n.

"Rárá, Màmá. Ẹ ò bà á jẹ́."