Jíìpù Ràzákì, Ọ̀mùtí Àjà-Wẹ̀rẹ̀

Ọjọ́ tí Ràzákì gbé jíìpù rẹ̀ wọ Àjà-Wẹ̀rẹ̀, adìyẹ kankan ò jẹun ní àdúgbò wa. Àkùkọ kan ló dúró níwájú ilẹ̀kùn mọ́tò náà, ó rí àkùkọ mìíràn nínú dídán rẹ̀, ó kọjú ìjà sí i láti àárọ̀ títí wọ́n fi pe ìrun alásàrì. Ó rẹ àkùkọ tiwa, ó dákú. Ti inú mọ́tò ò tilẹ̀ làágùn. Mọ́tò ọ̀hún gùn tó bẹ́ẹ̀ gẹ́ẹ́ tí imú rẹ̀ fi wọ agboolé Ràzákì nígbà tí ìdí rẹ̀ ṣì wà ní ọjà Ìpinlẹ̀ tó ń dúnàádúrà àgbàdo. Ẹni tó bá pè mí lónírọ́, kó lọ bi àkùkọ.

Ràzákì yìí, ọ̀rẹ́ mi ni láti ilé kéwú. Pákó ló ń tà ní Kútọ̀nú, Ọlọ́run sì ti bá a ṣe é. Èmi, epo pupa ni mo ń kó láti oko wá sí ọjà nínú báṣé mi, mọ́tò akẹ́rù àtijọ́ tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kan ń fi okùn dúró, tí èkejì ń fi àdúrà dúró. Nígbà tí jíìpù dé, mo mọ̀ pé n kò ní lè sùn mọ́ bí n kò bá rí nǹkan fi Ràzákì ṣe yẹ̀yẹ́. Àṣé jíìpù náà fúnra rẹ̀ ti ń bá mi wá a.

Ohun tí Ràzákì kọ́kọ́ ṣe ni pé ó pe bíríkìlà, ó ní kí ó mọ òkìtì símẹ́ńtì kan síwájú ilé òun, kó ga níwájú, kó rẹlẹ̀ lẹ́yìn. Orí rẹ̀ ló ń gbé jíìpù gùn lójoojúmọ́, imú sókè, kí gbogbo ẹni tó bá ń bọ̀ láti ọ̀nà Masẹ̀ lè rí ojú rẹ̀ kedere. Mọ́tò náà á wá gbé àgbọ̀n sókè bí ẹni tí wọ́n ń kán egbòogi sí lójú.

Kò pẹ́ tí gíláàsì tó ń tanná níwájú dírẹ́bà fi bẹ̀rẹ̀ sí í kígbe pé ọ́ìlì ẹ́ńjìnì ti dín. Àwọn mọ́tò olówó òde òní yìí, wọn ò ní ọ̀pá tí èèyàn ń fà yọ, tí á nù, tí á tún tì bọ̀ ọ́ láti fi wo ọ́ìlì. Gíláàsì ló ń sọ fún ọ, ohun tó bá sì sọ lo máa gbà. Ràzákì ra ọ́ìlì, ó dà á. Ilẹ̀ mọ́, gíláàsì tún ní ó dín. Ó tún dà á. Jíìpù yìí mu ọ́ìlì títí àwọn tó ń tà á nínú ìgò lẹ́bàá ọ̀nà fi bẹ̀rẹ̀ sí í kí Ràzákì láti òkèèrè, wọ́n ń bi í bóyá ọmọ jí dáadáa.

Èéfín wá dé. Kì í ṣe èéfín kékeré. Bí Ràzákì bá ti ṣáná sí mọ́tò láàárọ̀, àwọn àdán á rò pé ilẹ̀ ti ṣú, wọ́n á jáde lọ jẹ máńgòrò.

Ó pe ẹni tó tà á fún un ní Kútọ̀nú. Ó ṣí fóònù síta, gbogbo wa ń gbọ́. Ọkùnrin náà ò jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán.

"Sẹ nọmáàlì," ló wí. Pé kò sí ohun tó ṣe é.

"Ó ń mu ọ́ìlì!"

"Mọ́tò ńlá ni, ọ̀gá. Gbogbo wọn ló ń mu díẹ̀díẹ̀. Sẹ nọmáàlì."

"Ó ń rú èéfín!"

"Sẹ nọmáàlì."

Mo gba fóònù, mo ní mọ́tò ti bí ìbejì, ọ̀kan dúdú, ọ̀kan pupa. Ó ní nọmáàlì ni.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti sọ jíìpù ní Ọ̀mùtí. Orúkọ náà yára rìn ju mọ́tò lọ. Bí Ràzákì bá jáde ní mọ́ṣáláṣí, àwọn àgbà á di ọwọ́ rẹ̀ mú, wọ́n á fi ohùn pẹ̀lẹ́ bi í pé, "Ọmọ ilé ńkọ́? Ṣé ó ti ń gbìyànjú láti jáwọ́ nínú ọtí?" Òun tí kò fi ẹnu kan ẹmu rí láyé ẹ̀!

Ẹ̀rín la fi ń ṣe é o, títí ọ̀rọ̀ fi kan Ìyá.

Ìyá Sàrátù, ìyá Ràzákì, ti dàgbà, ìbàdí sì ń dùn ún, kò lè gun alùpùpù mọ́. Sọ̀fíyátù, ọmọ àbúrò rẹ̀, bímọ obìnrin ní Oko-Akàrẹ̀. Nínú ìdílé wọn, obìnrin tó bá dàgbà jù ló ń fi ẹnu ara rẹ̀ sọ oríkì ọmọ sí i létí kí áfáà tó pe orúkọ. Bí kò bá dé, ẹlòmíì á sọ ọ́, ó sì parí nìyẹn, nítorí a kì í sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá ló sọ ti gbogbo ọmọ ìdílé náà, títí kan ti Ràzákì. Àbúrò rẹ̀ tó bí Sọ̀fíyátù ti kú, ọmọ yìí sì ni ọmọ àkọ́kọ́ tí ilé náà máa gbé jó lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ìyá ní bí òun bá máa rá lọ, òun á rá lọ.

Ràzákì ti búra níwájú mọ́ṣáláṣí pé kò sí ẹlòmíì tó máa gbé ìyá òun dé Oko-Akàrẹ̀ bí kò ṣe òun, nínú jíìpù òun. Ìyá náà ti búra nínú ilé ìdáná pé òun ò ní jókòó sínú ikùn ọ̀mùtí. Irú ìbúra méjì báyìí, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí wọ́n pàdé lójú ọ̀nà tóóró.

Àárọ̀ ìsọmọlórúkọ pé. Nígbà tí mo dé, mo bá Ìyá lórí àpótí, ó ti wẹ̀, ó ti lé tìróò, ó gbé báàgì lé itan. Jíìpù wà lórí òkìtì, ó ń tú èéfín bí ibi tí wọ́n ti ń yan ẹran erin. Ràzákì sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú agbádá funfun.

"Ìyá, ẹ dákun, ẹ wọlé. Wọ́n ń dúró dè wá."

"Ta ló bí ọ?"

"Ẹ̀yin ni, Ìyá."

"Ṣé mo kọ́ ọ lọ́tí?"

"Ìyá, ọ́ìlì ni, kì í ṣe ọtí!"

"Ohun tí wọ́n mu lánàá, tí wọ́n tún ń wá kiri láàárọ̀ yìí, ọtí ni."

Mo kí wọn. Mo ní, "Ìyá, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú. Báṣé mi wà níta. Àárín kẹ́ẹ̀gì epo lẹ máa jókòó sí. Tí ẹ bá fi máa dé Oko-Akàrẹ̀, ẹ ò ní nílò ìpara, ẹ ó ti máa dán."

Ìyá wo báṣé, ó wo jíìpù. "Tìrẹ ò tilẹ̀ lè mu nǹkan kan, Kàsímù. Kò léyín mọ́." Ó di ìbàdí mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dìde.

Ojú Ràzákì yí padà. Mo ti ń fi ọkùnrin yìí ṣe yẹ̀yẹ́ láti ìgbà tí a jọ ń fọ wàláà, ṣùgbọ́n n kò rí i báyìí rí. Ó ní, "Ìyá, nítorí ìbàdí yín ni mo fi rà á." Ohùn rẹ̀ kéré bí ti ọmọ tí wọ́n já oúnjẹ gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀rín kú lẹ́nu mi. Ibi tí mo ti ń wá nǹkan tí mo máa sọ kí ojú lè kúrò lára rẹ̀, irọ́ kan ló bọ́ síta.

"Ìyá, ẹ dúró ná. Ẹ ò rí ibi tó kọjú sí? Ìwọ̀-oòrùn ni! Mọ́tò tó ń kẹ́yìn sí Kíbúlà, ibi tí à ń kọjú sí kírun, lójoojúmọ́ ayé, kí ló máa ṣe tí kò ní mutí? Kí Ràzákì gbé e sọ̀kalẹ̀, kó kọjú rẹ̀ sí gábàsì. Ẹ máa rí i."

Mo rò pé wọ́n máa rẹ́rìn-ín ni. Ìyá ò rẹ́rìn-ín. Ó padà jókòó.

"Láti ìgbà tí mo ti mọ Kàsímù, èyí ni ọ̀rọ̀ gidi àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu ẹ̀. Ràzákì, yí i padà."

"Ìyá, Kàsímù ń ṣeré ni!"

"Mo ní kí o yí i padà!"

Kí ni ọmọ fẹ́ ṣe? Ó gbé mọ́tò sọ̀kalẹ̀ lórí òkìtì, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, títí Ìyá fi juwọ́ pé ibẹ̀ yẹn dáa, lórí ilẹ̀ tó tẹ́ pẹrẹsẹ lábẹ́ igi ọ̀dàn. Èmi ń fi apá aṣọ nu omi ojú, ẹ̀rín ti fẹ́ẹ̀ pa mí. Ràzákì pa ẹ́ńjìnì, ó jókòó síbẹ̀, ó ń wò mí bí ẹni tó fẹ́ fi mọ́tò tẹ̀ mí. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ó tẹ gíláàsì náà kó tún wo ọ́ìlì.

Ó ké. Gbogbo wa sáré lọ. Gíláàsì ò sọ pé ọ́ìlì dín mọ́. Ó ti pọ́n bí ojú ẹyẹ òwìwí, ó ń sọ ọ́ ní faransé pé ọ́ìlì ti pọ̀ jù, kí wọ́n fà á jáde kí ẹ́ńjìnì tó bàjẹ́.

"Alihamudulilahi!" ni Ìyá wí. "Ó ti jẹ́wọ́."

Èmi alára, irun orí mi dìde. Gbogbo irọ́ tí mo ti ń pa bọ̀, kò sí ọ̀kan tó ṣẹ rí!

Ràzákì ò gbà. Ó gbé mọ́tò padà sórí òkìtì: ọ́ìlì dín. Ó gbé e sọ̀kalẹ̀: ọ́ìlì kún àkúnwọ́sílẹ̀. Ó tún gùn, ó tún sọ̀. Ó wá jáde, ó jókòó sétí òkìtì náà bí ẹni tí afẹ́fẹ́ gbé fìlà rẹ̀ lọ.

"Òkìtì yìí ni," ló wí jẹ́jẹ́. "Tí imú rẹ̀ bá wà lókè, gbogbo ọ́ìlì á ṣàn sẹ́yìn, ibi tó ti ń wọ̀n ọ́n á gbẹ. Kò dín rárá. Èmi ni mo ń rọ ọ́ yó, tó wá ń fi ihò ìdí pọ̀ ọ́ síta."

Fàdílátù, ìyàwó rẹ̀, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, fa ìbòrí bo ẹnu. "Ẹ má bínú o, olówó orí mi. Èmi náà ń dà sí i."

"Da kí ni?"

"Ọ́ìlì. Tí ẹ bá ti sùn lọ́sàn-án. Mo ní kí ẹ má baà tún jáde lọ rà á lójú àwọn tó ń fi yín ṣe ẹlẹ́yà." Ó wò mí lójú kòrókòró.

"Ìyàwó wa," mo ní, "ẹ̀yin méjèèjì lẹ ń ra ọtí fún un, ẹ wá ń bínú pé ó ń mu!"

A ránṣẹ́ pe Romaric, mẹkáníìkì tó wà ní ìkóríta. Ó gbé abọ́ dé, ó wọ abẹ́ mọ́tò, ó gbọ́ àlàyé wa. Ohùn rẹ̀ jáde lábẹ́ ibẹ̀: "Lọ́jọ́ tí ẹ ní kí n wá wo táyà, èmi náà da díẹ̀ sí i. Mo fẹ́ fi ṣe yín lálejò ni."

Ọ́ìlì tó jáde kún abọ́, ó kún garawa, ó kún agbada ìdáná Fàdílátù. Ká ní òkun gbẹ lọ́jọ́ yẹn, à bá ya èèyàn Kútọ̀nú lára ẹ̀ kí wọ́n fi máa tukọ̀. Romaric ní ó ṣì máa ń mu díẹ̀ o, irú wọn ń mu ún, ṣùgbọ́n kí wọ́n máa wò ó lórí ilẹ̀ tó tẹ́, kí ẹnì kan ṣoṣo sì máa dà á.

Fóònù dún. Sọ̀fíyátù ni, ó ní àwọn áfáà ti dé. Ìyá dìde, ó ṣe bísímílà, ó wọ mọ́tò. Èmi fò sẹ́yìn kí ẹnikẹ́ni tó rántí pé wọn ò pè mí.

"Ìyá," ni Ràzákì wí bí a ti ń lọ, "mo fẹ́ kó yé yín. Kì í ṣe Kíbúlà ló tún un ṣe o. Òkìtì yẹn ló fà á."

"Ta ló ní kí o kúrò lórí òkìtì?"

"Kàsímù ni."

"Ẹn-ẹ́n."

Èéfín tẹ̀ lé wa kọjá àwọn oko ẹ̀gẹ́ tó wà lẹ́yìn ìlú, ó wá ń fẹ́lẹ́, ó ń fẹ́lẹ́, nígbà tó yá, eruku pupa nìkan ló kù lẹ́yìn wa láàárín ọ̀pẹ. Ìyá bojú wẹ̀yìn. "Ó ti túúbá," ló wí.

Ooru ń mú Ìyá, Ràzákì wá ní kí òun tẹ bọ́tìnì atẹ́gùn. Èwo ló tẹ̀, n kò mọ̀. Ojú Ìyá kàn là lójijì.

"Ràzákì, kí ló ń gbóná lábẹ́ mi?"

"Yéè! Àga ni, Ìyá, mo ti ṣì í tẹ̀, ẹ jẹ́ kí n pa á!"

"Ẹni tó bá pa á, n óò gbá a létí. Ibi tó ń dùn mí gan-an ló dé yẹn."

Nígbà tí a dé Oko-Akàrẹ̀, àwọn áfáà ti ń wo oòrùn. Sọ̀fíyátù dúró lójú ọ̀nà, ọmọ wà lápá rẹ̀. Ràzákì sáré lọ ṣílẹ̀kùn, ó na ọwọ́ kí Ìyá dì í mú. Ìyá ò mira.

"N kò sọ̀ níbí o. Ẹ gbé ọmọ fún mi."

Wọ́n gbé e fún un. Ó tẹ̀ba mọ́ ọmọ, ó fi ẹnu kan etí rẹ̀. "Àwẹ̀ró," ló wí. "Àwẹ̀ró, ìwọ tí ìyá àgbà rẹ ò dúró rí." Sọ̀fíyátù fi ojú pamọ́ sí èjìká Ràzákì, Ràzákì náà ń fi agbádá nu ojú.

"Eruku ni," ló wí fún mi.

"Mo mọ̀," mo ní.

Áfáà àgbà súnmọ́ wa. "Ìyá, ṣé ká gbé ọmọ wọlé báyìí, ká pe orúkọ?"

"Ẹ̀yin lẹ máa wọlé wá," ni Ìyá dáhùn. "Àyè wà lẹ́yìn."

Àwọn áfáà wo ara wọn, wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n tò wọnú mọ́tò lọ́kọ̀ọ̀kan títí ìjókòó fi kún. Ìyá ní, "Ràzákì, ti ilẹ̀kùn, atẹ́gùn ń fẹ́ ọmọ."

Ràzákì rọra tì í. Àwa tó kù dúró síta nínú oòrùn, a na ọrùn, à ń gba ojú gíláàsì wo ètè wọn bí wọ́n ti ń ṣàdúrà.