Ìpè Inú Kùrukùru

Gbogbo wa ni wọ́n kìlọ̀ fún ní kékeré pé bí ẹnìkan bá pè wá tí a ò rí i, ká má jẹ́. Àmọ́ ní abúlé Eleko, ìkìlọ̀ yẹn kì í dé etíkun. Bí kùrukùru bá bo òkun, apẹja á máa pe ará ilé rẹ̀ látinú ọkọ̀, ará ilé á sì máa jẹ́ látorí iyanrìn, kí ó lè fi ohùn yẹn mọ ibi tí yóò gbà wọlé, kí ìgbì má baà dojú ọkọ̀ rẹ̀ dé.

Òpópónà márosẹ̀ ló gbé Wòlíì Akínọ̀ṣọ́ dé ọ̀dọ̀ àwọn ará Eleko. Kò pẹ́ tó fi ń pàṣẹ ẹni tí wọ́n lè fẹ́ àti ilé tí wọ́n lè wọ̀. Lẹ́yìn tí apẹja kan rì, ó ní ohun kan ń bẹ lókun tó ń fi ohùn èèyàn pe èèyàn. Ẹni tó bá jẹ́ ẹ, ará ilé rẹ̀ á kú. Ẹ̀rù bà wọ́n, wọ́n gbà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ilẹ̀ ti mọ́, àmọ́ kùrukùru funfun ò jẹ́ kí wọ́n rí omi. Àwọn obìnrin ń dúró de ẹja.

"Ìyábọ̀ ooo!"

Ohùn Bọ̀sún ni, ọkọ Ìyábọ̀. Ìyábọ̀ la ẹnu. Ìyá Bọ̀sún fọwọ́ bò ó.

"Ọmọ mi kọ́ nìyẹn," ló ń sọ. "Wòlíì ti sọ ọ́. Tó o bá jẹ́, Bọ̀sún á kú."

Wòlíì ò mà sí níbẹ̀ o! Ìlú Ajah ló sùn. Inú ń bí mi tí mo bá ti ń sọ ọ́. Ìyábọ̀ ń jà, àwọn yòókù dì í mú. Ìyá mọ ohùn ọmọ rẹ̀ dájú, kò sì gbé ọwọ́ kúrò. Ohùn náà yà sápá òsì, ó ń jìnnà, ó dákẹ́.

Nígbà tí oòrùn là, wọ́n rí ọkọ̀ Bọ̀sún tó dojú dé. Wòlíì ní Bọ̀sún ti kú kí ohùn yẹn tó pè. Ó kí wọn kú ìgbọràn. Wọ́n ṣe àmín.

Látìgbà náà, tí kùrukùru bá ti sọ̀, Ìyá Bọ̀sún á lọ sétí omi, á máa jẹ́ ìpè tẹ́nikẹ́ni ò pè é: "Ooo! Ọmọ mi, ibí ni kó o gbà!" Wòlíì tún pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má dá a lóhùn, pé ìyá náà pẹ̀lú ti di ohùn inú kùrukùru.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, wọ́n wà nínú ìsìn létíkun nígbà tí ìyá náà ṣìnà nínú kùrukùru. Wọ́n ń gbọ́ ọ tó ń wọnú omi lọ.

"Ìyábọ̀! Mi ò mọ̀nà mọ́ o! Ìyábọ̀!"

Gbogbo ìjọ kúnlẹ̀, wọ́n dákẹ́. Wòlíì gbé ọwọ́ sókè pé kí ẹnikẹ́ni má jẹ́.

Ìyábọ̀ dìde lójú rẹ̀.

"Mà!" ló fi jẹ́, ó ń sáré lọ. "Mà! Ẹ máa bọ̀ níbi ohùn mi!"