Ọwọ́ Òsì Dókítà Brandt

Ìyá mi, Mọ̀ríámọ̀ Bádárù, kò gbọ́ Jámánì tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó mọ tẹlifíṣàn Jámánì wò tó o ní gbogbo Osdorfer Born, àdúgbò wa ní Hamburg. Mo tètè sọ ọ́ nítorí pé odidi oṣù mẹ́rin ni mi ò fi sọ ọ́ níbi tó yẹ kí n ti sọ ọ́.

Ọdún 1995 ni. Àjà kẹsàn-án là ń gbé. Bàbá mi ń wa takisí, kì í sí nílé nírọ̀lẹ́. Èmi Àmínátù wà ní yunifásítì. Ìyá mi ń gbálẹ̀ ní ọ́fíìsì kan ní èbúté Hamburg, ó ń nu tábìlì kí àwọn tó ni tábìlì tó dé. Ọdún mọ́kànlá ló ti wà níbẹ̀, "Mary" ni wọ́n sì ń pè é. Wọ́n ní Mọ̀ríámọ̀ ti gùn jù. Àwọn tí orúkọ tiwọn gùn tó ojú irin ló ń sọ bẹ́ẹ̀ o!

Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, a máa ń jókòó ti *Lotsenhaus Norderhook*. Eré tẹlifíṣàn nípa àwọn atọ́kọ̀ ni, àwọn tó máa ń gun ọkọ̀ ojú omi ńlá láti tọ́ ọ wọ èbúté. Ní apá kìn-ín-ní, ọkọ̀ wọn kan jóná, ọmọ iṣẹ́ kan sì kú sínú rẹ̀. Ta ló dáná sun ọkọ̀? Ìbéèrè tí gbogbo ìtàn náà rọ̀ mọ́ nìyẹn. Àwọn ìwé ìtàn pẹlẹbẹ kan tún wà tí wọ́n ń tà ní ibùdókọ̀ ojú irin, ọ̀kan lóṣù, tó ń sọ ohun tí tẹlifíṣàn kò fi hàn. Mo máa ń rà á, màá jókòó sí ilé ìdáná, màá máa kà á fún ìyá mi ní Yorùbá bó ṣe ń ṣa ẹ̀wà.

Ní yàrá kọ̀ǹpútà yunifásítì ni mo ti rí àwọn yòókù. Àpérò kan wà lórí kọ̀ǹpútà níbẹ̀ tí àwọn tó fẹ́ràn *Norderhook* ti ń kọ lẹ́tà síra wọn: àwọn èèyàn láti Hamburg, Berlin, Leipzig, ibi gbogbo. Tí apá kan bá ti jáde lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, kí ó tó di ọ̀sán Ẹtì wọn á ti kọ ọgọ́ta lẹ́tà nípa rẹ̀. Òfin wọn le. O ò gbọdọ̀ sọ ohun tó wà nínú ìwé tuntun láìkọ́kọ́ kìlọ̀ fún ẹni tí kò tíì kà á. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kọ lẹ́tà síbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò dá mi lóhùn. Ó dùn mí. Mo fẹ́ kí wọ́n gbọ́ tèmi náà.

Lẹ́yìn náà ni apá kẹfà dé. Dókítà Brandt, oníṣègùn ìlú náà, wá sílé Wiebke, ọmọbìnrin tó jogún ọkọ̀ tó jóná yẹn, ó sì fún un ní kọ́kọ́rọ́ kan. Ìyá mi dìde jókòó.

"Rewind am!"

Mo yí fídíò tí a fi gbà á sílẹ̀ padà. Ó na ìka sí tẹlifíṣàn. "Wo ọkùnrin yìí! Ọwọ́ òsì ló fi fún un."

"Mọ́mì, left-hander lè ni now. Àwọn òyìnbó ò kà á sí."

"Ta ló ń sọ pé kí wọ́n kà á sí? Mò ń sọ nípa òun. Ní Week One, kí iná tó jó, ọwọ́ ọ̀tún ló fi ń kọ Rezept oògùn fún àwọn aláìsàn. Ọwọ́ ọ̀tún ló fi ń mu coffee. A ò tún rí ọwọ́ yẹn látìgbà iná. Kí ló dé tí ọwọ́ ọ̀tún wá wà nínú àpò lónìí, nínú ilé, tí Heizung ń mú ilé gbóná? Something dey do that hand, Àmínátù. Ọkùnrin yẹn wà níbi iná yẹn."

Ẹni tí wọ́n bá tọ́ nílé wa mọ̀ pé bí o bá fi ọwọ́ òsì na nǹkan sí àgbà, àgbà náà kò ní gbà á, ìbáwí ni yóò kọ́kọ́ dé. Nítorí náà, ọwọ́ ni ojú ìyá mi kọ́kọ́ ń lọ kí ó tó dé ẹnu. Ẹnu Jámánì kò tilẹ̀ wúlò fún un tó bẹ́ẹ̀. "Ojú lọ̀rọ̀ wà," ló máa ń sọ.

Ní ọjọ́ kejì mo lọ sí yàrá kọ̀ǹpútà, mo kọ ọ́ ní Jámánì pé: "Ẹ wo ọwọ́ ọ̀tún Brandt. Kí ló ń fi pamọ́ sínú àpò? Èmi rò pé ó wà níbi iná náà." Mo fi orúkọ mi sí i: A. Bádárù. Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ní bóyá òtútù ló ń mú dókítà.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ìwé tuntun jáde. Ní orí kẹrin, Brandt jókòó nínú yàrá rẹ̀, ó ń tú báńdéèjì kúrò ní ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ tí iná ti jó. Áà! Gbogbo àpérò dà rú. Lẹ́tà mẹ́rìnlélógójì ló dé, orúkọ mi wà nínú gbogbo rẹ̀. Wọ́n ń bi mí bí mo ṣe rí i. Mo dáhùn pé, "Mo máa ń fara balẹ̀ wò ó ni."

Irọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn, ó sì rọrùn. Láti ọjọ́ náà, bí ìyá mi bá ti ń sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, èmi á ti máa kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní Wiebke ti dẹ́kun jíjẹun nílé àǹtí rẹ̀, pé ẹni tó bá ń kọ oúnjẹ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ti mọ nǹkan nípa ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀. Ó ní àgbà atọ́kọ̀ inú eré náà kí gbogbo ènìyàn níbi ìsìnkú ọmọ iṣẹ́ tó kú yẹn àfi ẹnì kan ṣoṣo. Gbogbo rẹ̀ ni mo gbé lọ sí àpérò. Gbogbo rẹ̀ ni mo fi orúkọ ara mi sí. Bí mo bá ń wọ bọ́ọ̀sì lọ sí yunifásítì, inú mi á máa dùn bíi ti ẹni tó gba ẹ̀bùn. Mi ò sọ fún ìyá mi pé ẹnikẹ́ni ń kà á.

Ẹnì kan ṣoṣo ló fura. Olúdàpọ̀ lorúkọ rẹ̀, ó ń gbé ní Lichtenberg ní Berlin, ó ń kàwé fún oyè dókítà. Èmi nìkan ló kọ lẹ́tà sí, ní Yorùbá tí kò ní àmì kankan lórí, nítorí kọ̀ǹpútà ìgbà náà kò mọ àmì.

"Àbúrò, mo kí ẹ o. Ta lẹ jọ ń wo tẹlifíṣàn? Ohun tí àgbà fi ìjókòó rí, ọmọdé ò lè rí i lórí ìdúró. Ojú àgbà ni mò ń rí nínú lẹ́tà ẹ."

Mo dá a lóhùn: "Mò ń dá wò ó ni, Bọ̀ọ̀dá Dàpọ̀."

Kò bá mi jiyàn. Ó kàn kọ ọ́ pé: "Ó dáa. Bá mi kí wọn."

Ní oṣù kẹta ọdún 1996, àwọn ará àpérò pinnu láti pàdé ní Berlin, nínú gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ kan ní Lichtenberg. Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀. Mo sọ nílé pé mo fẹ́ lọ kí àwọn ọ̀rẹ́ mi.

"Berlin wo?" ìyá mi ní. "Ìwọ nìkan? A jọ ń lọ ni."

Mo rò ó títí. Èrò tó wá sí mi lọ́kàn ni mo fẹ́ sọ báyìí, bí ó tilẹ̀ ń tì mí lójú: mo rò pé ìyọnu ò sí, ṣebí kò ní gbọ́ ohun tí mo bá sọ.

Ìyá mi wọ kóòtù rẹ̀ tó nípọn, ó wé ìborùn aláwọ̀ ewé tó máa ń wé lọ́jọ́ Ìtúnu Àwẹ̀. Ọkùnrin gíga kan tó wọ jígí wá bá wa lẹ́nu ọ̀nà, ó bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kan ilẹ̀ níwájú ìyá mi láàárín àwọn òyìnbó. "Ẹ káàbọ̀ Mọ́mì, ẹ kú ìrìn. Olúdàpọ̀ ni mò ń jẹ́." Ìyá mi súre fún un títí ẹnu fi rẹ̀ ẹ́. Wọ́n jọ jókòó sí ìlà kẹta.

Ó tó bí ọgọ́rin ènìyàn níbẹ̀. Wọ́n pè mí síwájú. Ọkùnrin onírùngbọ̀n kan dìde, ó béèrè ní Jámánì pé, "Gbogbo wa la wo apá kẹfà. Báwo ni ìwọ nìkan ṣe rí ọwọ́ yẹn?"

Àyè ṣí sílẹ̀ fún mi níbẹ̀. Mo lè na ọwọ́ sí ìlà kẹta kí n ní, ìyá mi ló rí i. Mo rí gbogbo ojú wọn tó ń wò mí, mo sì fẹ́ kí wọ́n máa wò mí lọ. Mo ní mo máa ń fara balẹ̀. Mo ki ọwọ́ ọ̀tún bọ àpò, mo na ọwọ́ òsì síwájú bíi ẹni tó mú kọ́kọ́rọ́ dání, mo ní, "Báyìí ló ṣe." Wọ́n pàtẹ́wọ́.

Mo wo ìyá mi. Kò wo ẹnu mi rárá. Ọwọ́ mi ló ń wò. Ó yíjú sí Olúdàpọ̀, ó bi í ní nǹkan kan. Olúdàpọ̀ wolẹ̀ kí ó tó dá a lóhùn. Ìyá mi mi orí, ó sì bá wọn pàtẹ́wọ́ fún mi.

A ti fẹ́ dé Hamburg nínú ọkọ̀ ojú irin nígbà tí ó yíjú sí mi.

"Àwọn èèyàn yẹn pọ̀ o."

"Bẹ́ẹ̀ni, Mọ́mì."

"Orúkọ ta ni wọ́n ń pè?"

"Orúkọ mi ni."

Ó yíjú sí fèrèsé.

Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, ó jókòó síbi tó máa ń jókòó sí, ó wo *Norderhook* láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sọ nǹkan kan. Mo bi í pé kí ló rí. "Kí lèmi mọ̀?" ó ní. "I no dey hear German." Ọjọ́bọ̀ kejì, bákan náà. Èmi wá ń dá wò ó lóòótọ́, mi ò sì rí nǹkan kan. Mo kọ lẹ́tà sí àpérò pé aṣọ Wiebke wù mí. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Olúdàpọ̀ kọ̀wé sí mi: "Ẹni tó ń bá ẹ wò ó ti bínú, àbí?" Mo sunkún níwájú kọ̀ǹpútà, ọmọ ilé ìwé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi sì gbé àga rẹ̀ sún sẹ́yìn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà mo kúnlẹ̀ níwájú ìyá mi nínú ilé ìdáná.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

"Mi ò bínú pé o mú ọ̀rọ̀ mi," ó ní. "Kí lo ti béèrè lọ́wọ́ mi rí tí mi ò fún ẹ? O ò béèrè. Níbi iṣẹ́, Mary ni mí. Mo gbà, oúnjẹ ni mò ń wá. Ṣùgbọ́n nínú ilé mi, ọmọ tí mo bí ló wá sọ mí di ẹni tí ò lórúkọ. Ó dùn mí, Àmínátù. Ó dùn mí gan-an."

Ó ní kí n dìde. Mo dìde, ṣùgbọ́n Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e kò tún sọ̀rọ̀. "Ẹ má bínú" kò tó. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á lé e bá. Tèmi kò tilẹ̀ lo ogún ọ̀sẹ̀ tó fi rẹ̀ ẹ́.

Mo padà sí yàrá kọ̀ǹpútà. Mo kọ ọ́ síbi tí gbogbo wọn á ti kà á pé ọwọ́ Brandt, oúnjẹ Wiebke, ìkíni níbi ìsìnkú, kò sí èyí tí mo rí nínú wọn. Ìyá mi ló rí wọn. Mo kọ orúkọ rẹ̀ ní kíkún. Mo ní òun ló wé ìborùn aláwọ̀ ewé ní ìlà kẹta, àti pé mo purọ́ fún wọn lójú rẹ̀.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta mo tẹ ìdáhùn wọn sórí ìwé, mo gbé e wálé. Ó ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́. Mi ò fi nǹkan kan pamọ́ nínú rẹ̀. Mo ka ti obìnrin Leipzig tó pè mí ní olè. Ìyá mi ń ṣa ẹ̀wà lọ. Mo ka ti ọkùnrin onírùngbọ̀n: "Ìyáàfin Mọ̀ríámọ̀ Bádárù, ẹ jọ̀ọ́, kí ni ẹ rò nípa àgbà atọ́kọ̀? Ṣé ó mọ̀ pé Brandt ni? A ń dúró de èsì yín."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró nínú ẹ̀wà.

"Báwo ló ṣe kọ orúkọ náà?"

"Frau Moriamo Badaru."

"Gbogbo ẹ̀? Òyìnbó?"

"Gbogbo ẹ̀, Mọ́mì."

"Tún un kà."

Mo tún un kà. Ó ní kí n tún un kà lẹ́ẹ̀kan sí i. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ẹ̀wà rẹ̀ padà, mo sì rò pé ibẹ̀ náà ló parí sí.

Ní Ọjọ́bọ̀, a jókòó. Àgbà atọ́kọ̀ wọlé sí ọ́fíìsì Brandt, ó bọ́ fìlà, ó sì gbé fìlà náà lé orúnkún ara rẹ̀ dípò kí ó gbé e sórí tábìlì. Ìyá mi dìde jókòó.

"Rewind am," ó ní. "Mú bírò."

Mo mú bírò àti ìwé, mo dúró de ọ̀rọ̀ rẹ̀.

"Orúkọ mi ni kí o kọ́kọ́ kọ," ó ní. "Kọ ọ́ tán, kí n rí i. Lẹ́yìn náà ni màá sọ ohun tí mo rí."