Àwọn Tó Ń Jẹun Lẹ́yìn Kọ́bọ́ọ̀dù

Ó ti rẹ̀ mí. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn ná, kí ẹnikẹ́ni má baà bi mí pé kí ló dé tí n kò tètè rí ohun tó wà níwájú mi. Ilé alágbàfọ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ìdí áyọ́ọ̀nù ni mo sì máa ń dúró sí láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Bí mo bá fi máa délé, ẹsẹ̀ mi á ti wú bíi búrẹ́dì tí wọ́n rẹ sómi. Àwọn èkúté á sì ti máa retí mi.

Yàrá méjì ni èmi àti ìyá mi ń gbé. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi dáná fáwọn ọmọ ilé ìwé, kí wọ́n tó ní kó lọ sinmi. Ara rẹ̀ ṣì le, àmọ́ ọpọlọ rẹ̀ ti ń ṣe ségesège. Lónìí á mọ̀ mí, lọ́la á rò pé tíṣà ni mí. Àwa méjì péré ló bí. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń ṣiṣẹ́ wolé-wolé, ìdọ̀tí ilé onílé ni wọ́n ń sanwó fún un kó máa wò. Lọ́jọ́ tó wá kí wa, èkúté kan gba iwájú bàtà rẹ̀ kọjá. Kò tilẹ̀ sáré, àfi bíi pé òun ló ni ilé.

Ẹ̀gbọ́n mi ò pariwo. Ó ní, "Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta òní ni mò ń padà bọ̀. Bí mo bá tún rí eku kan ṣoṣo níbí, ọ̀dọ̀ mi ni Màmá ń lọ."

"Bùrọ̀dá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ kì í gbélé?"

"Ìyàwó mi wà níbẹ̀."

Odidi ọjọ́ kan ni wọ́n fi ń rin ìrìn àjò débẹ̀. N kò lọ́kọ, n kò bímọ. Ìyá mi nìkan ni mò ń bá jí, òun ni mò ń bá sùn, ẹ̀rù sì bà mí gan-an pé wọ́n fẹ́ gbà á lọ́wọ́ mi. Ni mo bá gbógun ti eku.

Mo dẹ pàkúté. Wọ́n jẹ ohun tí mo fi sí i, wọ́n fi pàkúté sílẹ̀ fún mi. Mo ra gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń mú eku, ẹsẹ̀ tèmi ló lẹ̀ mọ́ ọn. Májèlé ò ṣeé lò, torí ìyá mi lè fi ohunkóhun sẹ́nu. Mo yá ológìnní káfíńtà tó wà ní òdìkejì wa, ó jẹun yó, ó wá ibi tó móoru, ó sùn. Nígbà tí mo dá a padà, káfíńtà ní, "Àǹtí, ẹ má bínú sí ológìnní mi. Eku kì í gbé ibi tí kò ti rí jẹ. Ẹnì kan ń bọ́ wọn nílé yín."

"Ta ni kó bọ́ wọn? Èmi tí n kò ráyè bọ́ ara mi?"

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, iná lọ níbi iṣẹ́, wọ́n ní ká máa lọ sílé. Ọ̀sán gangan ni mo wọlé, mo bá ìyá mi lórí ìkúnlẹ̀. Ó ti to ìdérí ìgò mẹ́jọ sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹ̀wà tí mo rò pé ó ń jẹ tán lójoojúmọ́ ló ń fi ṣíbí pín sínú wọn.

"Ẹ tò dáadáa," ló ń wí. "Ẹni tó bá ti ẹnì kejì rẹ̀ ò ní jẹ."

"Màmá! Kí lẹ̀ ń ṣe níbẹ̀?"

"Àwọn tó pẹ́ dé ni. Ọ̀nà wọn jìn. Ṣé o ò gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ha ilẹ̀kùn ni?"

"Èkúté ni, Màmá! Èkúté!"

Ó wò mí tàánú-tàánú. "Bẹ́ẹ̀ náà lẹ̀yin tíṣà ṣe máa ń bú wọn."

Bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani. Òwe yẹn ló kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn, ojú sì tì mí pé ìyá mi ni mo pa á mọ́.

Kí ni n bá ṣe? Mo kó ìdérí ìgò dànù. Mo bẹ ọ̀gá mi kí n máa sáré wálé lọ́sàn-án, mo sì ń jókòó ti ìyá mi títí á fi jẹun tán. Káfíńtà sún kọ́bọ́ọ̀dù kúrò, ó fi paánù àti sìmẹ́ǹtì dí ihò tó wà lẹ́yìn rẹ̀. "Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ̀ ọ́," ló ń tún sọ, bíi pé òun ló pa òwe náà. Kò ju ọjọ́ mẹ́rin lọ, gbogbo ilé dákẹ́.

Ìyá mi náà dákẹ́. Á gbé àpótí ìjókòó síwájú ògiri, á mú ṣíbí lọ́wọ́, kò ní jẹun mọ́. Mo máa ń bẹ̀ ẹ́ títí ẹnu á fi rẹ̀ mí.

"Ṣé wọ́n ti gba ìsinmi ni?" ló bi mí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Ìsinmi ni."

Ẹ̀gbọ́n mi dé lọ́jọ́ tó dá. Ó dojú bolẹ̀ pẹ̀lú ṣòkòtò iṣẹ́ rẹ̀, ó tan tọ́ọ̀ṣì sábẹ́ gbogbo nǹkan, kò rí ìgbẹ́ eku kan. Ó dìde, ó gbọn eruku nù. "O ṣe é, àbúrò mi. Màmá ò lọ síbì kankan mọ́."

Inú mi dùn gan-an. Ìgbà tí mo yíjú, ìyá mi ti jáde láti yàrá pẹ̀lú báàgì lọ́wọ́, ó ti wé gèlè.

"Ọ̀gá, ṣé ẹ̀yin lẹ wá mú mi?" ló bi ẹ̀gbọ́n mi. "Ibí yìí ti ṣófo. Ṣé àwọn ọmọ wà lọ́hùn-ún?"

Ẹ̀gbọ́n mi wojú mi. "Àwọn ọmọ mi mẹ́rin wà níbẹ̀, Màmá."

"Ta ló ń fún wọn lóúnjẹ?"

Ìyá mi rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí n kò tíì rí láti ọjọ́ tí a ti dí ihò. "Ẹ jẹ́ ká tètè máa lọ."

"Bí o bá ní kí n má mú Màmá lọ, n kò ní mú wọn lọ," ni ẹ̀gbọ́n mi wí jẹ́jẹ́.

Mo fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀. Ó wà lẹ́nu mi. Àmọ́ èmi ni mo lé àwọn àlejò rẹ̀ lọ, n kò sì ní òmíràn tí mo lè pè wá fún un. Mo gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀, mo gbé e sínú mọ́tò.

Nígbà tó jókòó tán, ó fà mí mọ́ra láti ojú fèrèsé, ó di àgbọ̀n mi mú, ó wò mí fínnífínní.

"Ọmọ mi," ló wí, "o mà ti rù o. Ṣé o máa ń jẹun?"

Mo ní mò ń jẹun. Mo sì ní kí ẹ̀gbọ́n mi rọra máa wa mọ́tò lọ.