Ilé Ìgbọ̀nsẹ̀ Àlejò

Bí wọ́n bá ní kí Ìyá Abẹ́rẹ́ ka ìròyìn ọdún ilé ìwé yẹn fún aráyé, imú ló máa fi kà á. Òun ni onígbálẹ̀ ibẹ̀. Ó ti gbá a fún ọdún mẹ́sàn-án, kò sì sí igun kan tí kò mọ òórùn rẹ̀ bí ìyá ṣe ń mọ igbe ọmọ. Yàrá àwọn olùkọ́ ń rùn bí ìbọ̀sẹ̀ tí ẹsẹ̀ kò fẹ́ jọ̀wọ́. Yàrá ìkàwé ń rùn bí eku tó kú sáàárín ìwé ìṣirò. Ṣùgbọ́n ti ṣáláńgá àwọn ọmọ ilé ìwé, ẹ dákun, bóyá ẹnìkan ń jẹun lọ́wọ́. Ká ṣáà sọ pé eṣinṣin ibẹ̀ pàápàá máa ń jáde wá síta wá mí.

Ihò méjì ni, fún irinwó ọmọ. Ọ̀kan dí ní sáà kìíní. Ilẹ̀kùn ìkejì jábọ́ ní sáà kejì, wọ́n wá ta àpò ìrẹsì sí ojú rẹ̀. Láti ìgbà náà ni àwọn ọmọbìnrin kíláàsì àṣekágbá ti kọ ibẹ̀ sílẹ̀ pátápátá. Wọn kì í fẹnu kan omi láti òwúrọ̀ títí wọ́n á fi délé. Ọmọ Ìyá Abẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀ wà lára wọn. Abẹ́rẹ́ ni gbogbo ayé ń pè é, nítorí pé ó tín-ín-rín, ẹnu rẹ̀ sì ń gún ni. Á dé láti ilé ìwé tòun ti ètè gbígbẹ, á sáré kọjá lára ìyá rẹ̀ bí ẹni tí ajá ń lé, ó di ẹ̀yìnkùlé.

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o ò rí mi ni?"

"Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ tọ̀ ná, Màmá," ohùn á dáhùn láti ẹ̀yìnkùlé, "ìkíni yín ò ní bàjẹ́!"

Kì í wá ṣe pé ilé ìwé náà kò ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ gidi o. Ó ní. Ó wà létí pápá, ó funfun báláú. Yàrá mẹ́ta, táìlì láti ilẹ̀ dé àjà, àwo ìjókòó mẹ́ta tó ń dán tó bẹ́ẹ̀ tí èèyàn lè gẹrùngbọ̀n nínú wọn. Ọ̀gá ilé ìwé ló kọ́ ọ. Kó-Dán ni àwọn ọmọ ń pè é, torí ọ̀rọ̀ méjì yẹn ló fi ń jí, òun ló sì fi ń sùn. Ó kọ ÀLEJÒ NÌKAN sára ilẹ̀kùn, ó tì í, ó fún Ìyá Abẹ́rẹ́ ní kọ́kọ́rọ́, ó sì fi òfin lé e: láràárọ̀, kó wọlé, kó fi aṣọ gbígbẹ nu àwọn àwo náà, kó jáde. Kò gbọdọ̀ da omi sí wọn. Kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan irin ìṣanmi wọn.

"Omi máa ń fi àbàwọ́n sílẹ̀," ni Kó-Dán wí. "Ọjọ́ tí mo bá rí ẹ̀kán omi kan níbẹ̀, ọjọ́ náà ni ìwọ àti iṣẹ́ yìí pínyà."

Bó ṣe di pé odindi ọdún kan kọjá tí ìdí ẹnìkan kò kan àwo yẹn nìyẹn. Fọ́tò ni wọ́n ń yà á. Wọ́n fi fọ́tò náà ránṣẹ́ síbi ìdíje ìmọ́tótó àwọn ilé ìwé. Ẹ ò sì ní gbà á gbọ́: wọ́n gba ipò kìíní! Nígbà tí Ìyá Abẹ́rẹ́ gbọ́, ó tutọ́ sílẹ̀. Ó ro ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀kejì, ó tún tutọ́. Ìgbà náà ló rántí pé òun náà ló máa nu ilẹ̀.

Ọjọ́ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde pé. Ohun kan ṣoṣo ni Ìyá Abẹ́rẹ́ fẹ́ lọ́jọ́ náà: ó fẹ́ jókòó. Kó jókòó láàárín àwọn òbí bíi tiwọn, kí wọ́n pe ọmọ rẹ̀, kó sì wò ó láti ìgbà tó bá gbẹ́sẹ̀ gun pèpéle títí tó máa fi sọ̀ kalẹ̀. Ó ti gbá gbogbo ọgbà kí àlejò kankan tó dé. Ó ti wẹ̀, ó ti wọ aṣọ tó dára jù nínú àpótí rẹ̀, ó ti fi àpò rẹ̀ gba àga kan ní ìlà kẹta. Kó-Dán bá yọ sí i.

"Ìyá Abẹ́rẹ́! Kí lo wọ̀ yìí? Ta ló ń gbéyàwó?"

"Ọmọ mi ń jáde lónìí, sà."

"Ó dáa, a bá ọ yọ̀. Ẹnu ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àlejò lo máa dúró sí. Alábẹ̀wò àgbà ń bọ̀ láti ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́, òun ló ń gbé ife ìmọ́tótó bọ̀ fún wa. Bó bá fẹ́ ṣe ìtura, kó bá èèyàn níbẹ̀."

"Sà, tí wọ́n bá wá pe ọmọ mi ńkọ́?"

"Ẹ̀rọ gbohùngbohùn ń ṣiṣẹ́. O máa gbọ́ orúkọ rẹ̀ ketekete."

"Mi ò fẹ́ gbọ́ orúkọ ẹ̀, sà. Èmi ni mo sọ ọ́. Mo fẹ́ rí i."

"Ìyá Abẹ́rẹ́." Ọ̀gá gbé ìka sókè. "Kó dán."

Ó ti lọ. Ìyá Abẹ́rẹ́ wọ́ ẹsẹ̀ lọ sí ẹnu ilẹ̀kùn náà. Bàbá Géètì, ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, ló gbé àpò rẹ̀ wá bá a níbi iṣẹ́, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ẹ kú oríire, ìyá ọlọ́jọ́ òní. Wọ́n ní wọ́n ti sọ yín di mínísítà fún ìdí."

"Bàbá Géètì, ẹ jẹ́ n ráyè bínú o."

"Ẹ fara balẹ̀ bínú. Tẹ́ ẹ bá bínú tán, ẹ bá mi mú tíṣù díẹ̀ pamọ́."

Láti ẹnu ilẹ̀kùn yẹn, kò sí nǹkankan tí èèyàn lè rí. Ẹ̀yìn ilé náà gan-an ni wọ́n ta àtíbàbà àwọn àlejò pàtàkì sí, torí ibẹ̀ ni òjìji tutù jù. Àga olówó iyebíye mẹ́fà kẹ̀yìn sí ògiri, pèpéle wà níwájú wọn, ìwọ̀n ẹsẹ̀ mẹ́ta péré. Ìyá Abẹ́rẹ́ wà ní ìhà kejì ògiri, ó gbé etí sókè.

"Bí a bá bojú wẹ̀yìn wo ọdún tó ń parí lọ yìí," ohùn Kó-Dán ń dún, "ọdún òórùn dídùn ni!"

"Ẹ̀ẹ̀ẹ̀n?" Ẹnìkan ló ké bẹ́ẹ̀ láàárín àwọn ọmọ tó ń kẹ́kọ̀ọ́jáde. Kò dìgbà tí wọ́n bá sọ fún Ìyá Abẹ́rẹ́ kó tó mọ̀ pé ohùn ọmọ òun ni.

"Ọdún tí gbogbo ọmọ wa rí ibi tó mọ́ jókòó sí!"

Ẹ̀rín bú láàárín àwọn ọmọ. Àwọn òbí rò pé ayọ̀ ni, àwọn náà bá wọn rín in.

Ìgbà yìí ni Alábẹ̀wò yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Èèyàn gbàǹgbà, ikùn rẹ̀ ń ṣíwájú rẹ̀ wọ̀lú. Ó ń rìn kánmọ́kánmọ́, itan rẹ̀ méjèèjì ń bá ara wọn ṣàdéhùn pé ẹnìkan kò ní kọ́kọ́ yà.

"Níbo ni?"

"Ibí ni, sà. Ẹ káàbọ̀, sà. Ẹ kú ìrìn..."

"Má kí mi! Ṣílẹ̀kùn!"

Ó ṣí i. Ohun tí etí Ìyá Abẹ́rẹ́ gbọ́ lẹ́yìn náà, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí etí ọmọlúàbí gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì. Òjò rọ̀, ààrá sán, yìnyín bọ́. Lẹ́yìn náà, gbogbo rẹ̀ pa rọ́rọ́. Irin kan wá bẹ̀rẹ̀ sí í dún kẹ́kẹ́kẹ́, kẹ́kẹ́kẹ́, kẹ́ẹ́.

"Màmá," ohùn kékeré kan wí láti inú, ohùn ọmọ tó fọ́ àwo. "Kò ṣàn o. Irin yẹn ti yọ sí mi lọ́wọ́. Ẹ bá mi wá omi."

"Wọ́n ní n ò gbọdọ̀ da omi síbẹ̀, sà."

"Ta ló ní bẹ́ẹ̀?"

"Ọ̀gá ilé ìwé, sà."

"Ṣé ọ̀gá ilé ìwé ló wà nínú ibí ni?"

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ìyá Abẹ́rẹ́ pọn garawa omi méjì, ó di imú rẹ̀ mú, ó dà wọ́n sínú àwo náà tẹ̀léra tẹ̀léra. Ó ṣe gbọ̀ọ̀ọ̀! Gbogbo rẹ̀ wọlẹ̀ lọ. Àwo padà funfun, àfi bí ẹni pé ẹnìkan kò ṣẹ̀ rí láyé. Àwọn méjèèjì wo ara wọn. Alábẹ̀wò rẹ́rìn-ín.

"Ilé yìí dára," ó wí, ó tún bẹ́líìtì dì, ó sì fi ìrìn ọkọ ìyàwó padà lọ jókòó ti ife ẹ̀yẹ.

Ẹ gbọ́ ná. Omi kì í lọ lásán, ibì kan ló ń lọ. Nígbà tí àwọn bíríkìlà lẹ táìlì tán, Kó-Dán ń kánjú fọ́tò, ó ní kí wọ́n fi ìyókù sílẹ̀ di ọjọ́ mìíràn. Ìyókù náà ni kòtò. Páìpù láti inú àwo yọ jáde lára ògiri ẹ̀yìn, ó dúró síbẹ̀, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, wọ́n sì gbé ìkòkò òdòdó kan dí i. Ọjọ́ mìíràn kò dé. Ta ló máa bèèrè? Ilé tí ẹnìkan kò lò, ta ló máa mọ̀ pé kò ní ìfun?

Kó-Dán gbé ife náà sókè. "Ẹ wá fojú ara yín wo ìmọ́tótó!"

Ìkòkò òdòdó mì. Ó rọra ṣí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bí ọmọdé tí wọ́n ní kó yàgò fún àgbà. Àgbà náà sì jáde. Ó gba abẹ́ àga àkọ́kọ́, ó kí bàtà ẹni tó jókòó síbẹ̀, ó gba abẹ́ èkejì, ó ń lọ jẹ́jẹ́, kò fi ẹnìkan sílẹ̀ láìkí. Ìyàwó ọ̀gá gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sókè, ó lọgun. Alábẹ̀wò wolẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó bímọ kì í ṣi ojú ọmọ rẹ̀ mọ̀. Òun ló kọ́kọ́ sá.

Kíá, àga mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ṣófo. Àwọn òbí sún sẹ́yìn títí wọ́n fi kan odi ọgbà, gbogbo wọn fọwọ́ bo imú. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn ń ké: "Onígbálẹ̀! Onígbálẹ̀ dà o?"

Ìyá Abẹ́rẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ ògiri yọ sí wọn, garawa lọ́wọ́ kan, ìgbálẹ̀ onígi gígùn lọ́wọ́ kejì. Ó wo ilẹ̀. Ó wo àga tó ṣófo. Ó wo pèpéle tó wà nítòsí bí ẹni tó lè na ọwọ́ kàn án. Kò rí ìjókòó tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí láyé. Ó ká aṣọ rẹ̀ sókè díẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ lé ibi tí ẹsẹ̀ lè gbé, ó sì jókòó sí àga àárín.

"Kí lò ń ṣe níbẹ̀ yẹn?" Kó-Dán ké.

"Mo jókòó, sà."

"Mo ní kó o fọ ibẹ̀!"

"Mo máa fọ̀ ọ́, sà. Ẹ pe ọmọ mi ná."

"Nínú irú òórùn yìí?"

"Inú ẹ̀ ló ti kàwé, sà."

Kó-Dán wá ẹlòmíràn kiri. Àwọn olùkọ́ ń wo ojú ọ̀run bóyá òjò máa rọ̀. Bàbá Géètì ti sáré lọ ṣí géètì fún ẹni tí kò dé. Ọ̀gá kò rí ọ̀nà mìíràn, ó fi áńkáṣífù bo imú bo ẹnu, ó pe orúkọ ọmọ náà láti abẹ́ rẹ̀ bí ẹni ń jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀.

Abẹ́rẹ́ gun pèpéle. Ìyá rẹ̀ wò ó ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Kó-Dán na ìwé ẹ̀rí sí i láti ọ̀nà jíjìn, bí ẹni ń ju eegun fún ajá. Kò sí àtẹ́wọ́. Níbo ni àtẹ́wọ́ ti máa wá? Ọwọ́ wà ní imú. Ìyá Abẹ́rẹ́ nìkan ló ń pa tirẹ̀, pá, pá, pá, bí ẹni ń pa ẹ̀fọn. Ọmọ náà wo ìyá rẹ̀, ó wo ohun tó wà lábẹ́ bàtà ìyá rẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ kíákíá.

Ìyá Abẹ́rẹ́ kì í yẹ àdéhùn. Ó dìde, ó da omi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbá a. Nígbà tó dé ìdajì, òórùn náà rọlẹ̀ díẹ̀. Bàbá kan pàtẹ́wọ́. Ẹlòmíràn gbè é.

"Ẹ pàtẹ́wọ́ fún onígbálẹ̀ wa!" Kó-Dán ti rí ohùn rẹ̀ padà. "Àpẹẹrẹ rere fún àwọn ọmọ wa!"

Àtẹ́wọ́ bo pápá. Ta ni ẹ rò pé tirẹ̀ ń dún jù? Alábẹ̀wò ni! Ẹni tó ni ẹrù gan-an ló ń yin alágbàrù.

Ìyá Abẹ́rẹ́ dáwọ́ dúró. Nínú ọdún mẹ́sàn-án tó ti ń kó ẹ̀gbin, kò rí ẹ̀gbin tó tó ti ìṣẹ́jú yẹn rí. Ó fi ìgbálẹ̀ ti ilẹ̀, ó yíjú sí wọn.

"Ẹ̀yin yìí, ojú ò tì yín? Ọmọ mi fi ọdún mẹ́fà kàwé, ẹ pe orúkọ ẹ̀, ẹ ò lọ́wọ́. Èmi ń gbá ìgbẹ́, ọwọ́ yín wá pé méjì?"

Ọwọ́ tún padà sí imú.

"Ìyá Abẹ́rẹ́, parí iṣẹ́ ẹ," Kó-Dán wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Ó ku ìdajì, sà. Ìdajì náà ti ń bọ̀ lọ́dọ̀ bàtà yín."

Ọ̀gá fò sókè.

"Ẹ tún ọmọ mi pè."

"A ti pè é!"

"Imú lẹ fi pè é. Ẹ fi ẹnu pè é. Ẹni tó bá sì fọwọ́ bo imú lọ́tẹ̀ yìí, ojú ẹ̀ ni n ó ti ju ìgbálẹ̀ yìí sílẹ̀, n ó sì máa lọ ilé mi."

Kó-Dán ki áńkáṣífù bọ àpò. Ó pe ọmọ náà, orúkọ àti orúkọ bàbá, ketekete. Létí odi ọgbà, ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò ní imú lọ́kọ̀ọ̀kan. Òórùn wọlé sí wọn lára, kò yan olùkọ́, kò yan òbí. Ojú fúnpọ̀ bí aṣọ tí a fún. Ìyá kan ń pàtẹ́wọ́, ó ń tutọ́, ó tún ń pàtẹ́wọ́. Omi ń dà lójú Alábẹ̀wò, ṣùgbọ́n òun náà ń pàtẹ́wọ́.

Ìyá Abẹ́rẹ́ padà sórí àga rẹ̀, ó jókòó dáadáa, ó fẹ̀yìn tì.

Abẹ́rẹ́ gbé ẹsẹ̀ kan lé pèpéle. Ó dúró díẹ̀. Ó wá gbé èkejì. Ó ń rìn bí ẹni tí ọba ń dúró dè, ó dé àárín, ó tún etí aṣọ rẹ̀ ṣe, ó tún fìlà rẹ̀ dé, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Lẹ́yìn, ọwọ́ ti ń ro àwọn kan, àtẹ́wọ́ fẹ́ẹ́ rọ̀.

"Ẹ má dáwọ́ dúró o," ni Ìyá Abẹ́rẹ́ wí láìyíjú padà. "Kò tíì débi tó ń lọ."